Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọọ ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí géèmù? Ẹ ti owó yín bọ àpò ná!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ géèmù ni yóò gbé wa débẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ṣí ojú ìwé yìí kọjá, kẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni. Àwọn tó ń gbá géèmù lóru nínú ìlú yìí kì í ṣe ọmọdé mọ́. Òṣìṣẹ́ báǹkì wà nínú wọn, tíṣà wà nínú wọn, awakọ̀ tó ń kérò látàárọ̀ wà nínú wọn. Ẹni tó ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Èkó títí dé Ọ̀tà, tó délé, tó jẹun, tó ní kóun fi wákàtí kan gbá géèmù kóun tó sùn, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n tó bá wáá jókòó tán, tí mọ́tò tó ń wà nínú géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ọ̀pọ̀lọ́, tó tẹ bọ́tìnnì pé kó yà sọ́tùn-ún, tó jẹ́ pé ìgbà tó ti forí sọ ògiri tán ló tó yà, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ìyọnu ọ̀nà Ọ̀tà ti bá a délé nìyẹn.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà yín ti gbó, ẹ lọọ ra tuntun.” Ọkùnrin kan wà tí mo mọ̀, mi ò ní í dárúkọ ẹ̀, tó gba ìmọ̀ràn yẹn. Ó kó owó àjọ ẹ̀, ó fi lé ti àpò ẹ̀, ó lọọ ra laptop tuntun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìwé, tó ń dán bíi dígí. Ó gbé e délé, ó ki géèmù bọ̀ ọ́, géèmù náà sì ń hang ju ti àtẹ̀yìnwá lọ! Owó ilé ìwé ọmọ ti wà nínú owó tó ná, nítorí náà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nìyàwó ẹ̀ ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó ta ọjà náà fún un ò sì purọ́ o. Tuntun ni lóòótọ́. Ohun tí kò sọ fún un ni pé laptop tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ò ní graphics card tiẹ̀, nígbà tí èyí tó gbó, tó gbé sí kọ̀rọ̀, ní kékeré kan nínú. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ìbá ṣe sí èyí tó gbó yẹn, ọ̀fẹ́ ni. Ìdajì wákàtí ò ní í gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Kí ló ń jẹ́ pé géèmù ń hang gan-an? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ túdìí ẹ̀. Ohun tí à ń wò lójú kọ̀ǹpútà bíi pé ó ń rìn, kò rìn rárá. Àwòrán tó dúró sójú kan ni, tí wọ́n ń gba ipò ara wọn kíákíá débi pé ojú wa ò lè dá wọn mọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ìgbà tí sinimá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn lápá ìparí àwọn ọdún 1920, àwòrán 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n ń lò. Tẹlifíṣàn tiwa, láti ayé WNTV tó bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1959, 25 ni. Iye àwòrán tó ń jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yìí làwọn ọmọ géèmù ń pè ní FPS. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tọ́mọ yín ń pariwo FPS nínú yàrá, ẹ fọkàn balẹ̀, kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Ẹnì kan á ní, bí 24 bá tó fún sinimá, kí ló dé tí kò tó fún géèmù? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tó ń wo sinimá kò fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n kàn ń fi hàn án ni. Ẹni tó ń gbá géèmù, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú ẹ̀. Tó bá tẹ bọ́tìnnì, àfi kó dúró de àwòrán tó kàn kó tó mọ ohun tó ṣe. Bí àwòrán bá ń jáde ní 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èsì yẹn á dé kíá. Bó bá jẹ́ 15, kí èsì tó dé, goólù ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ka 30 sí ibi tó kéré jù téèyàn lè fara mọ́, tó sì jẹ́ pé 60 ni gbogbo wọn ń wá. Ẹni tó bá ń lé ohun tó ju 60 lọ, kó wo ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ dáadáa, torí pé ojú ọ̀pọ̀ laptop tó wà lọ́wọ́ wa, 60 péré ló lè fi hàn. Tí inú kọ̀ǹpútà bá ń ya 90, 30 nínú ẹ̀, asán ló ń yà á, ooru nìkan lẹ máa rí níbẹ̀.

Wàyí o, òṣìṣẹ́ méjì ló ń ṣe àwòrán yìí nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Processor ni ọ̀gá télọ̀. Òun ló ń wọn aṣọ, òun ló ń gé e: ọkọ̀ kan ń bọ̀ lápá òsì, ọlọ́pàá méjì ń lé e, èèyàn mẹ́wàá ń kọjá ní títì, òjò ń rọ̀. Graphics card ni ọmọṣẹ́ tó ń rán an, tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn. Aṣọ ò lè jáde àfi táwọn méjèèjì bá ṣe tiwọn tán. Tí ọ̀gá bá gé 80, tí ọmọṣẹ́ ò lè rán ju 25 lọ, 25 lẹ máa rí gbé lọ sóde. Tí ọmọṣẹ́ bá lè rán 80, ṣùgbọ́n tí ọ̀gá ò ráyè gé ju 25 lọ, 25 náà ni. Ẹ wáá wò ó o. Bẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n dín iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá yẹn kù, aṣọ á tètè jáde nígbà àkọ́kọ́, torí ọwọ́ ọmọṣẹ́ ló ń falẹ̀. Nígbà kejì ńkọ́? Kò sóhun tó máa yí padà. Ọmọṣẹ́ ò níṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ tún wáá dín iṣẹ́ ẹ̀ kù.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tún nǹkan ṣe nínú Settings géèmù, wọn kì í bèèrè èwo nínú àwọn méjì yìí ló ń falẹ̀. Wọ́n á kàn máa yí tọ̀tún, wọ́n á máa yí tòsì, géèmù á burẹ́wà bí aṣọ àkísà, síbẹ̀ kò ní í yára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà ti gbó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pẹ̀lú lẹ́tà G pọ̀. Game Bar á jáde, ẹ ó rí àpótí kékeré kan tó ń ka FPS níbẹ̀. Ẹ wọnú géèmù, ẹ wá ibi tó máa ń falẹ̀ jù, kẹ́ ẹ dúró sójú kan, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ká ní 22 ni. Ẹ wáá lọ sínú Settings, níbi tí wọ́n kọ Resolution sí. Ìyẹn ni iye ẹyọ àmì tíntìntín tí graphics card gbọ́dọ̀ kùn kí àwòrán kan tó pé. Tó bá jẹ́ 1920 × 1080, ẹyọ àmì 2,073,600 ni fún àwòrán kan ṣoṣo. Ẹ gbé e wálẹ̀ sí 1280 × 720, ó di 921,600, kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ dúró sí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún nọ́ńbà kà. Tó bá ti fò láti 22 dé 38 tàbí 40, ọmọṣẹ́ ló ń falẹ̀, ìyẹn graphics card, inú Settings sì ni oògùn ẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ pé 22 di 23, ẹ má fọwọ́ kan òjìji àti koríko rárá, ọ̀gá télọ̀ lẹ máa lọọ bá.

Laptop tòkunbọ̀ púpọ̀ ló jẹ́ pé 1366 × 768 ni ojú wọn, ẹyọ àmì 1,049,088. Kíkúrò níbẹ̀ lọ sí 1280 × 720 kò lè fi nǹkan gidi hàn yín. Àwọn onírú èyí, kí wọ́n lọ sí èyí tó kéré jù lọ tí géèmù wọn gbà, nítorí ìdánwò nìkan. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa gbá a bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ibẹ̀ ò tiẹ̀ ní í ṣeé kà.

Ó dáa, ká ní graphics card ni. Kí lẹ máa kọ́kọ́ gé? Ẹ jẹ́ ká mú géèmù kan pàtó, ká má máa sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Grand Theft Auto V, tí gbogbo ayé ń pè ní GTA V, ni mo mú, torí pé Settings ẹ̀ kún, ó sì ń ṣàlàyé ara ẹ̀. Ọdún 2013 ni Rockstar kọ́kọ́ gbé e jáde fún PlayStation 3 àti Xbox 360, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin ọdún 2015 ló dé orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin òbí, ẹni ọdún 18 sókè ni wọ́n ṣe é fún o. Nọ́ńbà 18 tẹ́ ẹ̀ ń rí lára páálí ẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nígbà tó ń jáde, ohun tó kéré jù tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní ni RAM 4 GB àti graphics card bíi NVIDIA 9800 GT, tó jẹ́ ọjà ọdún 2008. Ẹ gbọ́ o, ọdún 2008! Ẹni tó bá ní àfi kẹ́ ẹ ra tuntun yán-án yán-án kẹ́ ẹ tó lè gbá a, ẹ bi í léèrè ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ pa ni MSAA. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé ó ń dán etí nǹkan, kí wáyà iná àti ọgbà onírin má baà rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Ó dára lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń kó bá graphics card pọ̀ ju adùn tó ń fún ojú lọ, àgàgà tó bá wà ní X4 tàbí X8. Ẹ pa á pátápátá, kẹ́ ẹ tan FXAA tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Òun náà ń dán etí nǹkan, ó kàn ń mú kí àwòrán ṣú díẹ̀ ni, owó tó ń gbà ò tó nǹkan.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni Grass Quality, ìyẹn koríko. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ koríko yìí ni ọ̀dádá! Nínú ìlú Los Santos tó kún fún kọnkéré, kò sóhun tó ń ṣe. Ẹ lè wà á káàkiri ìlú fún wákàtí kan ní 50, kẹ́ ẹ máa júbà fún kọ̀ǹpútà yín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá forí lé òkè, lápá oko lọ́hùn-ún, tí koríko tẹ́ lọ bí ẹní, ibẹ̀ ni FPS ti máa já wálẹ̀ gbì. Ẹyọ koríko kọ̀ọ̀kan ni graphics card ń yà, òmíì sì tún ní òjìji tiẹ̀. Ẹ gbé e sí Normal. Tẹ́ ẹ bá ń sá fún ọlọ́pàá nínú oko, mi ò rò pé ẹ máa dúró ka koríko.

Òjìji, ìyẹn Shadow Quality, òun ló ń jẹun jù nínú ọ̀pọ̀ géèmù, kì í ṣe GTA nìkan. Ìdí ẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà tó lè mọ ibi tí òjìji máa bọ́ sí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo gbogbo nǹkan láti ojú oòrùn, kó tó padà wáá wò ó láti ojú tẹ̀yin. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ṣiṣẹ́, nígbà míì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sí High tàbí Normal, kẹ́ ẹ sì gbé Soft Shadows sí Sharp. Reflection Quality náà ńkọ́, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń hàn lára mọ́tò àti nínú omi bíi dígí? Ẹ dín in kù. Post FX, tó ń ṣe ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn yòò, ẹ gbé òun náà wálẹ̀. Èmi o, tó bá jẹ́ tèmi ni, mo lè fi Reflection sílẹ̀ sí High kí n sì gbá òjìji wálẹ̀ pátápátá, torí mọ́tò tí kò dán kì í dùn mọ́ mi nínú. Kálukú ló mọ ohun tójú ẹ̀ fẹ́.

Èyí téèyàn ò gbọ́dọ̀ sáré gé, táwọn èèyàn sì máa ń kọ́kọ́ gé, ni Texture Quality. Òun ni àwọ̀ àti ojú nǹkan, bí ògiri ṣe rí, bí aṣọ ṣe rí, bí ojú èèyàn ṣe rí. Tí ààyè ìrántí graphics card yín bá gbà á, kì í fẹ́ẹ̀ dín FPS kù rárá. Tí ààyè yẹn ò bá gbà á ni wàhálà wà, torí ó di pé kó máa sáré lọọ kó ẹrù wá láti RAM, géèmù á máa dákú, á máa jí. GTA V fi ìlà kan síbẹ̀ tó ń fi iye ààyè tẹ́ ẹ ti lò hàn. Bí ìlà yẹn kò bá tíì kún, ẹ fi Texture sílẹ̀ kí géèmù yín lè rẹwà. Ẹni tó bá gbé Texture wálẹ̀, tó fi òjìji sókè, ó ti fi aṣọ kúlẹ̀kúlẹ̀ ṣòwò nìyẹn, ojú ẹ̀ ò gbádùn, ọwọ́ ẹ̀ ò yá.

Inú Settings yẹn kan náà ni wọ́n fi ìdánwò sí, Benchmark ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó máa gbé yín kiri oríṣiiríṣii ibi nínú géèmù náà fúnra ẹ̀, ó máa sọ FPS yín. Ẹ máa yí nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Nǹkan kan tún wà nípa GTA V yìí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 2025, Rockstar gbé èyí tí wọ́n pè ní Enhanced jáde fún kọ̀ǹpútà, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ àti òjìji ibẹ̀ yàtọ̀ gédégbé, ó sì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní Legacy báyìí. Ẹlòmíì á lọọ gbé Enhanced sórí laptop tòkunbọ̀, á wáá máa bú laptop. Legacy ni kó gbé sí i.

Ká wáá padà sọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀, ìyẹn àwọn tí Resolution tí wọ́n gé kò ṣe nǹkan kan fún. Nínú GTA V, nǹkan méjì ló ń yọ processor lẹ́nu jù: Population Density, tó ń sọ iye èèyàn àti mọ́tò tó máa wà ní títì, àti Distance Scaling, tó ń sọ bí nǹkan ṣe máa jìnnà tó kó tó pòórá lójú. Ẹ fà wọ́n sẹ́yìn sí ìdajì. Títì á dá díẹ̀, bí ọjọ́ àìkú nígbà ìsinmi, ṣùgbọ́n mọ́tò yín á lọ geere. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó tún ń jẹ processor yín lẹ́yìn. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ ó rí orúkọ gbogbo wọn. Chrome tẹ́ ẹ ṣí ojú ewé ogún sí, ẹ pa á.

Ibẹ̀ náà lẹ ti lè rí olè. Bẹ́ẹ̀ ni, olè! Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Avast, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun tó ń pa kòkòrò inú kọ̀ǹpútà, tú àṣírí ohun kan tí wọ́n pè ní Crackonosh. Inú géèmù jíjí, táwọn èèyàn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kiri, ni wọ́n fi í pamọ́ sí, GTA V sì wà lára àwọn géèmù náà. Téèyàn bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, á pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà, á wáá máa fi processor onílé wa owó íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Monero fún ẹni tó ṣe é. Avast ní kọ̀ǹpútà tó kó sí lọ́wọ́ lé ní 222,000 káàkiri ayé, owó tó sì ti rí níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ẹ rí i báyìí? Ẹlòmíì ń pariwo pé FPS òun ò tó, àṣé ẹnì kan ló ń fi kọ̀ǹpútà ẹ̀ ṣòwò nílẹ̀ òkèèrè, tó ń fi iná ẹ̀ ṣe é. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n kó sórí flash fún yín yẹn, ẹ wò ó dáadáa.

Àwọn nǹkan míì wà tí kò sí nínú Settings géèmù rárá, tí wọ́n sì ń pa FPS ju òjìji lọ. Èkíní ni iná. Tí NEPA bá múná lọ, gẹ́gẹ́ bá a ṣe ṣì ń pè wọ́n, tí laptop bọ́ sórí bátìrì, fúnra ẹ̀ ló máa dín agbára ẹ̀ kù kí bátìrì má baà tètè kú. Géèmù tó ń lọ ní 45 lè di 20 lójú ẹsẹ̀. Kò sí Settings tẹ́ ẹ lè yí tó máa tún un ṣe tó bí kẹ́ ẹ dúró de iná. Ìkejì ni ooru. Processor àti graphics card tó bá ti gbóná kọjá ààlà, ṣe ló máa rọra kí ó má baà jóná. Ẹ wáá gbé laptop sórí ibùsùn, fóòmù dí ihò tó fi ń mí, eruku ọdún mẹ́ta wà nínú fáànù ẹ̀, ẹ ní ó ti gbó! Ẹ gbé e sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí i, kó gbọn eruku ẹ̀ dànù. Ohun tó máa ń fi ẹ̀rí ooru hàn ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ máa dùn, lẹ́yìn ẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀.

Ìkẹta, laptop tó ní graphics card méjì, kékeré ti Intel àti ńlá ti NVIDIA, lè máa fi kékeré gbá géèmù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ lọ sínú Settings Windows, sí System, sí Display, sí Graphics, kẹ́ ẹ mú géèmù náà, kẹ́ ẹ yan High performance fún un. Mo ti rí i níbi tí ìyẹn nìkan ti sọ 18 di 50.

Àwọn tí laptop wọn ò ní graphics card tiẹ̀ rárá, ẹ má bọkàn jẹ́. Inú RAM ni irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti ń yá ààyè tó fi ń ya àwòrán. Bó bá jẹ́ pé RAM ẹyọ kan ló wà nínú ẹ̀, tí ihò kejì ṣófo, ẹ ra ẹyọ kan tó bá a mu, kẹ́ ẹ fi sí i. Ọ̀nà kan tí ẹrù ń gbà tẹ́lẹ̀ á di méjì, FPS á sì gòkè dáadáa. Ẹ lè rí RAM tòkunbọ̀ ní Computer Village, n'Íkẹjà, owó ẹ̀ ò sì lè tó ti laptop tuntun láéláé.

Ẹ̀yin oníbọ́ọ̀lù, mi ò gbàgbé yín. Nínú géèmù EA Sports, ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Strand-Based Hair. Ó ń ya irun orí àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ẹyọ ẹyọ, tó bá jẹ́ pé wọ́n sún mọ́ wa. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lórí pápá, ẹ ò lè rí i, orí àwọn èèyàn yẹn kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Ìgbà tí wọ́n bá jẹ goólù, tí kámẹ́rà lọ sí ojú wọn, ni géèmù á wáá máa wọ́ ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀ nítorí irun! Ẹ pa á. Irun tí wọ́n fi ń gbá géèmù láyé ọjọ́sí náà kò ba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó tún ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé FPS tó ga kọ́ ló máa ń dára jù, èyí tó dúró sójú kan ni. Géèmù tó ń lọ ní 55, tó já sí 24, tó tún gun 48, ó burú lójú ju èyí tó wà ní 30 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Danfo tó ń sáré tó ń já búréèkì ń dáni ní inú rú, bọ́ọ̀sì tó ń rọra lọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tó wà lókè, tí kò lè dúró lórí 60, ẹ so ó mọ́ 30. Nínú GTA V, ẹ lọ sí VSync, kẹ́ ẹ yan Half. Lójú kọ̀ǹpútà tó jẹ́ 60, 30 gérégé ló máa fún yín.

Kẹ́nikẹ́ni má sì rò pé ìṣẹ́ ló ń fa gbogbo èyí. Nígbà tí wọ́n gbé Cyberpunk 2077 jáde ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 2020, bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lórí PlayStation 4 burú débi pé kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony fi yọ ọ́ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù wọn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ní àwọn máa dá owó padà fún ẹni tó bá fẹ́. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ló tó padà síbẹ̀. Àwọn tó ra ti PlayStation kò ní òjìji tí wọ́n lè gbé wálẹ̀, ohun tí ilé iṣẹ́ fún wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo kọ̀ǹpútà lẹ ní kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́.

Ìgbà míì wà tó jẹ́ pé tuntun ló kù lóòótọ́. Bẹ́ ẹ bá ti gbé gbogbo nǹkan wálẹ̀, tẹ́ ẹ ti gbọn eruku, tí iná wà, tí RAM jẹ́ méjì, tí kò sólè nínú Task Manager, tí géèmù tẹ́ ẹ fẹ́ kò sì kọjá 20, ẹ lọọ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ má bèèrè bóyá tuntun ni tàbí tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Orúkọ graphics card tó wà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ ní kó ṣí Task Manager, apá tí wọ́n kọ Performance sí, kó fi GPU hàn yín lójú ara yín. Tó bá jẹ́ orúkọ Intel nìkan ló wà níbẹ̀, tẹ́ni tó ń tà á sì ń sọ pé ti géèmù ni, ẹ ní kó gbé géèmù sórí ẹ̀, kó tan Game Bar, kẹ́ ẹ jọ ka nọ́ńbà náà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àpò.